Ọmọ Òjòlá Inú Kúlà

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Ayọ̀kúnmi kó wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Mọ̀bálùfọ̀n ni wọ́n wá Haneef ọkọ rẹ̀ tì. Ọkùnrin náà jáde láàárọ̀, kò sì dé ibi kankan. Wọ́n wá a dé ilé ìwòsàn, wọ́n wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá. Nùsírátù ìyá Haneef, tó ń gbé ní Òdogbolú, wá a títí bàtà fi já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí Hikmah lọ bá Ayọ̀kúnmi kẹ́dùn, ó bá a lórí àga aláwọ, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà ní yunifásítì ní Ìjagun. Hikmah ti ronú ohun tó máa sọ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò rí omijé tó fẹ́ bá a nù.

"Ó ti gba Kútọnu lọ," ni Ayọ̀kúnmi wí. "Kí wọ́n sáà máa wá a."

Hikmah jókòó tì í. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Láàárọ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní iléèwé aládàáni kan tí ẹni tó ni ín ń sanwó nígbà tó bá wù ú. Tó bá dé ilé, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń jókòó sí títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi wọ́. Ràmọ́tà, ìyá bàbá rẹ̀, ló jọ ń gbé. Ìyá Hikmah kú lórí ìkúnlẹ̀, Ràmọ́tà yìí ló tọ́ ọ, òun ni Hikmah sì ń pè ní Màmá. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Hikmah ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń dáná fún un, òun ló ń mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Àwọn ọkùnrin méjì kan ti fẹ́ fẹ́ ẹ rí, wọ́n rí iṣẹ́ ilé náà, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ayọ̀kúnmi wò ó láti orí dé bàtà.

"Ó rẹ̀ ọ́, àbí?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Omijé tó gbé wá fún Haneef ló fi sunkún ara rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rẹ èmi náà," ni Ayọ̀kúnmi wí, ó rọra fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé àárẹ̀ kalẹ̀."

Hikmah fẹ́ bèèrè pé ṣé ibẹ̀ náà ni Haneef gbà lọ. Ìbéèrè náà dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ agbára, agbára ò sì sí. Ọ̀nà ibẹ̀ nìkan ló bèèrè.

*

Ẹ̀yìn Ìmùṣin ni ilé Bàbá Oyètúndé wà, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí, tí oko kòkó àtijọ́ ti padà di igbó. Ilé náà kò ní fèrèsé kankan. Ọ̀sán gangan ni Hikmah débẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó wọlé, bí ẹni kó sínú ìkòkò dúdú ló rí. Àtùpà kan ṣoṣo ló ń jó nílẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù gba imú rẹ̀ kan, pẹ̀lú òórùn nǹkan tó ti kú ṣùgbọ́n tí kò tíì rà.

"Jókòó sílẹ̀," ni ohùn kan wí. "Kò sí àga ní ibí yìí."

Bàbá náà gbẹ bí igi ìdáná. Kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

"Kí lorúkọ rẹ? Kí lo sì fẹ́?"

"Hikmah, sà." Ó ti ṣètò ọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Mo fẹ́ sinmi."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àwọn yòókù ń sọ pé owó làwọn fẹ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ òótọ́."

Ó fa àpò kan jáde láti igun yàrá, ó tú ẹnu rẹ̀. Ọmọ òjòlá kan wà nínú rẹ̀, kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Ó ká ara rẹ̀ pọ̀, ó fi orí pamọ́ sáàárín.

"Àná ni wọ́n mú un nínú igbó. Kò mọ ọwọ́ ènìyàn kankan. Ọwọ́ tìẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀."

Kí Hikmah tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá ti gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó ti fi ọ̀bẹ sín àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sí ejò náà lórí, tó, tó, tó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́:

"Ejò kò lọ́wọ́, ó ń gbá ẹran mọ́ra.
Ejò kò lẹ́sẹ̀, ó ń dé ibi tó ń rè.
Ohun tí òjòlá bá gbé mì kì í jẹ́ ìpè.
Hikmah ọmọ Ràmọ́tà, ẹ̀jẹ̀ rẹ ti wọlé.
Ẹ̀jẹ̀ tó bá wọlé kì í jáde lásán."

Ara Hikmah bù máṣọ. Kò sọ orúkọ Màmá fún un.

"Ìwọ ni kó o tọ́ ọ," ni Bàbá wí. "Ohun tó bá jẹ ni yóò fi san oore fún ọ. Bó bá jẹ eku, oore eku ni wàá rí. Bó bá jẹ adìẹ, oore adìẹ ni. Ọjọ́ tó bá kọ oúnjẹ, má fi ọjọ́ ṣòfò, wá bá mi."

"Bó bá kú ńkọ́, sà?"

"Kó o yáa gbẹ́ ihò méjì."

*

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ ni. Inú kúlà ńlá kan tó ti fọ́ létí ló fi ọmọ òjòlá náà sí. Ó fi irin gbígbóná lu ihò sí ọmọrí rẹ̀, ó tẹ́ àkísà sí i, ó gbé abọ́ omi kalẹ̀, ó sì dojú àfọ́kù ìkòkò kan bolẹ̀ kí ejò náà lè ríbi sá pamọ́ sí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó so gílóòbù mọ́ ọn lókè. Bí wọ́n bá mú iná lọ, á gbé omi kaná, á rọ ọ́ sínú ìgò, á fi aṣọ wé e, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Eégbọn kún abẹ́ ìpẹ́ rẹ̀. Hikmah ń fi epo pupa ra á, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ejò náà yí padà, ó bù ú jẹ lọ́wọ́. Eyín rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja. Bí Hikmah bá fa ọwọ́, eyín náà á túbọ̀ wọlé. Ó ní láti dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn, títí tó fi wu ejò náà láti tú u sílẹ̀.

Kò jẹun. Hikmah á di ìrù òkú eku mú, á máa mì ín níwájú rẹ̀ bí ìyá tó ń bẹ ọmọ pé kó mu ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì. Nígbà tó yá ló wá mọ̀ pé ejò náà kò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun. Ó fi omi gbígbóná mú eku náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó jù ú sílẹ̀, ó dé kúlà, ó sì jáde. Nígbà tó padà, eku ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù níwájú ilé wọn. Ó ń wá ẹni tó máa rán aṣọ iléèwé fún iléèwé mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ Bàbá kò yẹ̀. Eku di òròmọdìẹ, òròmọdìẹ di àgbébọ̀. Hikmah fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìta-Ọ̀ṣìn, ó gba àwọn aránṣọ, ó ra mọ́tò. Ó gba obìnrin kan tó ń fọṣọ. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ò lọ. Tí ejò náà bá ti yó, òkèlè kankan kì í gba ọ̀fun Hikmah kọjá, kódà ìkọ́kọrẹ́ tó fẹ́ràn jù á di igi lẹ́nu rẹ̀. Tí oúnjẹ bá ń dà nínú ejò, Hikmah á sùn lọ bí òkú, Màmá á sì máa pè é láti yàrá kejì, ebi á máa pa á.

Nígbà tí ejò náà fẹ́ bọ́ awọ, ojú rẹ̀ funfun bí omi ògì. Ojú Hikmah náà sì ṣú. Odidi ọjọ́ mẹ́rin, ńṣe ló ń táràrà nínú ilé bíi Màmá. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ojú rẹ̀ là. Ó rí awọ ejò nínú kúlà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Ó lọ wẹ̀. Bó ṣe ń fi kànrìnkàn ra ọwọ́ ọ̀tún, awọ ọwọ́ náà yọ lódindi, láti ọrùn ọwọ́ dé orí èékánná, bí ẹni bọ́ ìbọ̀wọ́. Kò dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀ pẹ̀lú awọ ara rẹ̀ lórí itan, ó gbìyànjú láti sunkún, kò rí ẹkún sun.

"Kí ló ń rùn bí ewé tútù nínú yàrá rẹ?" ni Màmá bi í lọ́jọ́ kan.

"Ọṣẹ ni, Màmá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá Màmá nílẹ̀ yàrá rẹ̀. Ọmọrí kúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ejò náà, tó ti wá ki tó ọrùn ọwọ́, ti wé mọ́ Màmá lápá, ó sì gbé orí lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Màmá! Ẹ má mira!"

"Kí ni màá mira sí? Ó ń sinmi." Màmá fi ìka kan tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọdẹ ni bàbá mi ní Òdogbolú. Mo ti gbé irú eléyìí rí kí n tó mọ ọkọ. Ẹ̀rù ló ń bà á, Hikmah. Ta ló já a gbà lọ́wọ́ igbó?"

Hikmah wá irọ́ tì. "Wọ́n ní ó ń mú oore wọlé ni, Màmá."

"Oore." Màmá tún fi ìka ra ejò náà lẹ́yìn. "Ìwọ tí mò ń gbọ́ bó o ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀."

*

Láti ọjọ́ yẹn ni ejò náà ti kọ oúnjẹ. Adìẹ á sùn tì í nínú kúlà mọ́jú, kò ní fọwọ́ kàn án. Iléèwé kan gba iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Hikmah, òmíràn tẹ̀ lé e. Tó bá sì ti dùbúlẹ̀, nǹkan kan á máa fún un láyà. Ojoojúmọ́ ló ń fún un sí i. Bó bá mí jáde, àyè tó máa fi mí sínú á ti kéré. Ó fi ọwọ́ wá a, kò bá nǹkankan lára rẹ̀.

Ó padà sí Ìmùṣin.

"Ó ti gbóòórùn ẹnì kan tó wù ú," ni Bàbá Oyètúndé wí. "Ta lẹ jọ ń gbé?"

"Màmá mi àgbà ni, sà."

"Afọ́jú yẹn." Bàbá mi orí. "Kò ní rí i. Àánú nìyẹn náà."

"Bàbá, kékeré ni ejò mi. Kò lè gbé ènìyàn mì."

"Kékeré ni. Àmọ́ ó ní ìyá."

Ó gbé àtùpà, ó ṣí ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn rẹ̀. Kòtò ni. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó jìn ju ènìyàn lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni nǹkan kan tó ki tó òpó ilé ti ká ara rẹ̀ lórí ara rẹ̀, ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n da epo sí. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ, ó wọlé. Lókè, lẹ́bàá ògiri yàrá, wọ́n kó ẹrù jọ bí òkìtì ààtàn: sálúbàtà, báàgì obìnrin, ọ̀pá ìtìlẹ̀, fìlà funfun kan tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run kọ nǹkan sí lára. Hikmah mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló rán fìlà náà fún Haneef lọ́dún tó gbéyàwó.

Ó fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu kòtò. "Bí mi ò bá mú un wá ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni mo kán sí i lórí?" Ohùn Bàbá lọ sílẹ̀ débi tí Hikmah fi ní láti sún mọ́ ọn. "Ohun tó ń fún ọ láyà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mì. Ó ti dé àyà. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mò ń retí yín. Gbé ejò rẹ dání. Kó o sì rántí: bí mo bá ti ṣí ẹnu kòtò yìí tí mo pe orúkọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀."

*

Ẹ̀bi tó ń bẹ lọ́rùn Hikmah nìyí: ó rò ó. Ó rò ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, Màmá ti dàgbà. Ó ní, kò ríran mọ́, kí ló ń gbádùn? Kò sí ìkà nínú èrò náà. Àárẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, bí ẹni tó ti ru ẹrù jìnnà tó ń wá ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sọ fún Màmá pé dókítà ojú kan wà ní Ìmùṣin. Màmá wẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun, ó fi tùràrè ra ọrùn, ó ní kí Hikmah bá òun wé ìborùn dáadáa kí dókítà má baà rò pé òun ò lẹ́nìkan. Hikmah wé e, ó tú u, ó tún un wé.

Nígbà tí wọ́n kúrò lórí ọ̀dà, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í ha mọ́tò lára, Màmá sọ̀rọ̀.

"Dókítà yìí jìnnà o."

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Ejò yẹn wà lẹ́yìn wa."

"Ẹ̀ẹ́n, Màmá."

"Ó dára." Kò sọ ohun mìíràn mọ́ títí wọ́n fi débẹ̀.

Bàbá Oyètúndé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kí Hikmah gbé kúlà wọ yàrá àkọ́kọ́, kó ṣí i, kó sì dúró síta. Hikmah ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà wá fara ti mọ́tò. Láti inú òkùnkùn, ó gbọ́ ilẹ̀kùn kejì tó ṣí. Ó gbọ́ ọfọ̀.

"Ejò kò lọ́wọ́, ó ń gbá ẹran mọ́ra..."

Ó gbọ́ nǹkan tó wúwo tó ń wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Màmá. Kò pariwo. Ó kàn ń bèèrè, bó ṣe máa ń bèèrè lójoojúmọ́ láti yàrá kejì:

"Hikmah dà?"

Ẹsẹ̀ Hikmah ti ń sáré kí ó tó mọ̀. Àtùpà ti kú. Ó fi ọwọ́ tá nínú òkùnkùn, ó bá ìborùn, ó fà á, ó gbá Màmá mọ́ra. Ọwọ́ kan jáde, ó fún Hikmah lọ́rùn.

"Mo ti pe orúkọ!" ni Bàbá wí sí i létí, ohùn rẹ̀ kò sì rọlẹ̀ mọ́. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀! Bó bá jẹ́ ìwọ, ó tẹ́ mi lọ́rùn!"

Ó ń tì í. Gìgísẹ̀ Hikmah ti kan etí kòtò. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sókè sí i lẹ́yìn, òórùn òkú ń bá a bọ̀. Ojú rẹ̀ ń pòkùdu. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, ó sì gbé e lé ọmọ òjòlá tó ti wọ́ jáde nínú kúlà.

Ejò náà bù ú jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá ké, ó fa ẹsẹ̀, eyín túbọ̀ wọlé, ó ta gìẹ́gìẹ́, ọwọ́ rẹ̀ já kúrò lọ́rùn Hikmah. Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sísàlẹ̀ kòtò. Ọmọ òjòlá náà tú u sílẹ̀ létí kòtò.

Òjòlá ńlá kò jẹ́ kó dìde. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń bẹ̀ ẹ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá rẹ̀, tó ń ka gbogbo eku àti ènìyàn tó ti fún un. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀. Ó sọ pé ejò kò lọ́wọ́. Egungun kan dún, kọ́. Ó sọ pé ejò kò lẹ́sẹ̀. Òmíràn dún. Kò rí èémí tó máa fi sọ ìlà kẹta.

"Fún mi lọ́wọ́ rẹ," ni Màmá wí. "Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lápá ọ̀tún. Ọ̀nà nìyẹn."

Afọ́jú ló fa olójú jáde. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí oòrùn wà, Màmá dúró.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ!"

"Ìwọ lo gbé e kúrò níbi tó wà. Lọ gbé e."

Hikmah padà wọlé. Ó fi ọwọ́ kan ejò náà nílẹ̀, ó ń gbọ̀n bí òun náà ṣe ń gbọ̀n. Nígbà tó fẹ́ jáde, ọwọ́ rẹ̀ kan fìlà Haneef lórí òkìtì ẹrù, ó mọ̀ ọ́n nípa òwú ara rẹ̀, ó sì mú un.

Wọ́n gbé ejò náà lọ sétí odò kan lójú ọ̀nà. Hikmah gbé e sórí koríko. Kò lọ. Ó ká ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ohun tó ń retí àfọ́kù ìkòkò. Wọ́n jókòó tì í. Oòrùn ti ń wọ̀ kí ó tó na orí, kí ó tó yọ ahọ́n sí igbó, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìrù rẹ̀ wọ inú ewé, Hikmah mí kanlẹ̀. Èémí náà wọlé dé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

*

Oore náà lọ bó ṣe dé. Ṣọ́ọ̀bù tì, mọ́tò lọ, Hikmah padà sídìí ẹ̀rọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń bó nígbà ọyẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn tí àwọn ará Mọ̀bálùfọ̀n já ilẹ̀kùn Ayọ̀kúnmi nítorí òórùn. Orí ibùsùn ni wọ́n ti bá a. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e, ó rọ̀ lọ́wọ́ wọn bí àpò gàrí, nítorí pé kò sí egungun kan tó ṣẹ́ kù lódidi nínú rẹ̀. Wọ́n bá kúlà kan nínú yàrá ìdáná òkè, òfo ni. Wọn ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀ dòní.

Nígbà náà ni Hikmah mú fìlà náà, ó ní òun ń lọ sí Òdogbolú. Màmá ní òun náà ń bọ̀.

Nùsírátù gba fìlà náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó sì tẹ́ ẹ títí tí kò fi ní ìwúnjọ kankan mọ́. Hikmah sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ilé tí kò ní fèrèsé, kòtò, òkìtì ẹrù. Ìyá náà ò sunkún. Ó ti sun èyí tó ní tán.

"Ìwọ náà débẹ̀ nìyẹn," ló wí.

"Mo débẹ̀, mà."

"Ayọ̀kúnmi mú ọmọ mi lọ. Ìwọ, ta lo mú lọ?"

Hikmah la ẹnu. Láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó ń wẹ Màmá, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń fà á lọ́wọ́, kò sì tíì sọ ohun tó mú wọn dé Ìmùṣin fún un. Irọ́ dókítà náà ṣì wà láàárín wọn.

"Èmi ni," ni Màmá dáhùn.

Hikmah yí ojú sí i.

"Èmi ló mú lọ, Nùsírátù. Mo ti mọ̀ látìgbà tá a ti kúrò lórí ọ̀dà. Mò ń retí kó yí mọ́tò padà, kò yí i. Mo wá ń retí kó wọlé wá bá mi." Ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ Hikmah títí ó fi rí i, èyí tó ń bó yẹn, ó sì dì í mú. "Ó wọlé."

Lẹ́yìn náà, Màmá ní kí Nùsírátù jọ̀ọ́ bun òun lómi mu, pé ọ̀nà ti rẹ òun.